Gíà Ọ́tò Tó Ń Yọ̀: Wíwá Ìdí Rẹ̀ àti Títún Un Ṣe

Gíà ọ́tò ń yọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò dé táyà tán. Awakọ̀ á tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì á hó, ọwọ́ RPM á fò sókè, síbẹ̀ ọkọ̀ ò ní kúrò lójú eré tó wà. Nínú Toyota Highlander V6 tí wọ́n ṣe láàrin 2004 sí 2007, ọkọ̀ onígíà márùn-ún tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé ní Èkó àti Ìbàdàn, àìsàn yìí lè hàn bí gíà bá ń pààrọ̀, bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tàbí kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbéra bí wọ́n bá fi sí R. Ọ̀pọ̀ á ní kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ kì í yá sí súpáná bẹ́ẹ̀: gíà tó ti wà nílẹ̀ kò lè fi àìsàn rẹ̀ hàn mọ́. Ìgbà tó wà lára ọkọ̀, tó gbóná, tó ń ṣiṣẹ́, ló ń sọ ọ́.

Torque converter, ìkòkò irin tó kún fún ọ́ìlì, ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú gíà fúnra rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì wà ní ìdì-ìdì: pélébé irin kan, pélébé kan tí wọ́n lẹ ìbora onípépà líle mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ léra. Bí bréènì ọkọ̀ bá ti pàṣẹ fún solenoid, fáàfù tí iná ń ṣí, ọ́ìlì tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì á gba inú valve body, irin oníhò tó ń pín ọ́ìlì, lọ ti písítìnì, písítìnì á fún ìdì kan pọ̀, gíà á sì wọlé. Nítorí náà, ohun méjì ló ń fa yíyọ̀: yálà ọ́ìlì kò lágbára tó láti fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, tàbí ìbora ti jẹ tán tí kò lè di nǹkan mú mọ́. Yíya méjèèjì sọ́tọ̀ ni gbogbo ọgbọ́n àyẹ̀wò, torí èyí àkọ́kọ́ lè sàn láì sọ gíà kalẹ̀.

Ọ́ìlì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí gíà ti gbóná tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní títàn, wọ́n á gbé lífà la P, R, N àti D kọjá, wọ́n á dá a padà sí P, kí wọ́n tó yọ gáàjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì gíà kì í jó dànù bíi ti ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dínkù, ó ń jò níbì kan, pọ́ọ̀ǹpù á sì máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Kí wọ́n kán an sórí pépà funfun: pupa mímọ́ dára, dúdú tí òórùn ìjóná ń jáde lára rẹ̀ fi hàn pé ìbora ti ń jó, èyí tó dà bíi mílíìkì ti gba omi rédíétọ̀, omi náà á sì máa tú gọ́ọ̀mù tó di ìbora mọ́ irin.

Síkánà ló kàn. Kóòdù P0731 dé P0735 ń dárúkọ gíà tí yíyí rẹ̀ kò bá ìṣirò bréènì mu; P0741 ń tọ́ka sí kílọ́ọ̀ṣì inú torque converter. Kóòdù kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra nǹkan. Ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ló ń fi hàn, torí sẹ́nsọ̀ eré tó bàjẹ́ náà lè mú un jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi igi há táyà, fa bíréèkì ọwọ́, tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, fi gíà sí D, tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, kí wọ́n sì ka RPM. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, torí ọ́ìlì ń gbóná kíákíá. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á tún un ṣe ní R. Bí RPM bá kọjá iye tí ìwé ọkọ̀ sọ ní D àti R, agbára ọ́ìlì ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí, gáàjì agbára ọ́ìlì tí wọ́n bá so mọ́ ihò àyẹ̀wò á sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ D nìkan, kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú ló ń yọ̀.

Páànù ni wọ́n ń tú kẹ́yìn. Ẹrẹ̀ eérú tó kúnná bí àtíkè lára máàgínẹ́ẹ̀tì kò léwu. Àfọ́kù irin, tàbí èérún ìbora tó dì sí fílítà, ló ń parí àríyànjiyàn. Bí kò bá sí èyí, iṣẹ́ lè parí síbẹ̀: fílítà tuntun, dídí ibi tó ń jò, pípààrọ̀ solenoid tí kò dáhùn, tàbí fífọ valve body. Ọ́ìlì tí Toyota kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà ni kí wọ́n lò. T-IV kì í ṣe WS, bí méjèèjì tilẹ̀ pupa.

Ìbora tó ti jẹ kò ní oògùn nínú ọ́ìlì. Wọ́n á sọ gíà kalẹ̀, tú u, tò ó sórí tábìlì bó ṣe jáde. Pélébé tuntun gbọ́dọ̀ mu ọ́ìlì kó tó wọlé. Sílì písítìnì tó ti gan gbọ́dọ̀ kúrò. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa gíà dé ni ọwọ́ ọ̀gá ń hàn. Á fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò ọ́ìlì ìdì kọ̀ọ̀kan, á sì dẹtí. Písítìnì tó pé á dún gbì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń ṣe fììì, sílì kan ti ká, a jẹ́ pé wọ́n á tú ìdì náà padà. Etí tó gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ló ń gba mẹkáníìkì lọ́wọ́ sísọ gíà kan náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń yan gíà tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, torí ó yá. Kò burú bí ó bá dára, ṣùgbọ́n kò mú ohun tó pa ti àkọ́kọ́ kúrò. Rédíétọ̀ tó ń po omi mọ́ ọ́ìlì á pa èyí náà; pàǹtí inú páìpù rédíétọ̀ á ṣàn wọ inú rẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ bójú tó kí wọ́n tó gbé gíà sókè.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá gíà padà, torque converter gbọ́dọ̀ wọ inú pọ́ọ̀ǹpù dé òpin kí wọ́n tó fa bọ́tú mọ́ ẹ́ńjìnnì; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pọ́ọ̀ǹpù á fọ́. Wọ́n á bu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, wọ́n á pa kóòdù rẹ́, wọ́n á sì wa ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lórí òkè àti lójú ọ̀nà márosẹ̀, torí gíà tó ṣe dáadáa ní tútù lè yọ̀ bí ó bá gbóná. Bí gbogbo gíà bá ń wọlé láìsí pé RPM fò, tí ọ́ìlì kò sì lọ sílẹ̀ lórí gáàjì lẹ́yìn ìdánwò, ọkọ̀ ti ṣe é dá padà fún ọlọ́kọ̀.