Iyè, Ọwọ́ àti Ìhun Ẹsẹ Ifá

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tí kò mọ ìpín mẹ́jọ tí Wándé Abímbọ́lá (1976) pín ẹsẹ Ifá sí: awo tó dífá, ẹni tí a dífá fún, ìdí tó fi wá dífá, ẹbọ tí a ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ìdùnnú tàbí àbámọ̀ ẹni náà, àti ìkádìí. Abímbọ́lá tún ṣàlàyé pé mẹ́ta àkọ́kọ́ àti méjì ìkẹyìn ni awo máa ń kì gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń ròyìn mẹ́ta àárín. Àwọn lámèyítọ́ ń ka ìpín wọ̀nyí bí ẹni ń ka owó ẹyọ; díẹ̀ nínú wọn ló bèèrè ìdí tí ààlà fi bọ́ sí ibi tó bọ́ sí. Èrò tiwa ni pé bí ọpọlọ ẹ̀dá ṣe ń tọ́jú ìmọ̀ ló fà á.

Ní 1932, Frederic Bartlett ti Yunifásítì Cambridge tẹ ìwé jáde lórí ìrántí. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kà, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Kókó ìtàn kù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yí padà. A jẹ́ pé iyè kì í tọ́jú ìtàn bí àpótí ṣe ń tọ́jú aṣọ. Egungun ìtàn ló ń dì mú, ìgbà tí ẹnu bá fẹ́ sọ ọ́ ni yóò fi ẹran bò ó. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ìpín kẹrin sí ìkẹfà: ẹni tó bá ti mọ̀ pé ẹni tí a dífá fún kò rúbọ lè fi làákàyè dé ibi tí ọ̀ràn yóò já sí. Orúkọ awo inú ìpín kìn-ín-ní ńkọ́? Ó sábà máa ń jẹ́ odidi gbólóhùn tó ta kókó, tí làákàyè kò lè tún dá bó bá ti sọnù. Ibẹ̀ ni àwítúnwí àti ìbádọ́gba gbólóhùn ti wúlò. A ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹwà èdè ni wọ́n wà fún. Okùn ni wọ́n pẹ̀lú. David Rubin (1995) rí irú èyí nínú ewì alohùn àwọn ẹ̀yà mìíràn, pé ìtumọ̀, ìró àti àwòrán-ọkàn máa ń pawọ́ pọ̀ so ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí awo bá sì tún ìbẹ̀rẹ̀ kì ní ìparí, ó ń yẹ iyè ara rẹ̀ wò.

Ọwọ́ pẹ̀lú ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ní 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá, wọ́n sì gé púpọ̀ nínú hippocampus ọpọlọ rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì. Títí ó fi kú ní 2008, ohun tuntun kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner ní kó máa wo inú dígí ya ìràwọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ń dán sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: a ní iyè wa sọ, a ní iṣẹ́ ti mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́rìndínlọ́gọ́talénígba (256) ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè gbà balẹ̀. Ojú ọmọ awo ti dá Odù mọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè gba àbá Hallen àti Ṣódípọ̀ (1986) tán, pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀, tí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sì jẹ́ ìgbàgbọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ awo gbọ́ lẹ́nu olúwo rẹ̀ kò lè ju ìgbàgbọ́ lọ. Ta ni yóò sọ pé babaláwo gba Ifá gbọ́ ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n? Ó mọ Ifá, bí àyàn ṣe mọ ìlù ú lù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní Àbújá níbí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ Ifá lẹ́nu awo rí. Inú ìwé ni wọ́n ti ń bá a pàdé. Ìwé sì ti sọ ìpín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di ọ̀kan náà, tí ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo ti rí ìwé ìdánwò tí wọ́n ti gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ròyìn ìpín karùn-ún. Ohun tí awo ń ṣe gan-an ló ṣe! Ẹnì kan lè ní Ifá kò gba àyípadà. Òótọ́ ni, ní ti orúkọ àti ẹbọ. Awo tó bá ṣi ìwọ̀nyí kì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dá a dúró. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ kan yé akẹ́kọ̀ọ́, kí a ní kó kì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí láìyẹ̀, kó sì ròyìn àárín lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.