Iṣẹ́ Tó Ṣeé Tú

Kí bíríkìlà tó mọṣẹ́ tó gbé irin kankan lé ògiri àtijọ́, ó máa ń kọ́kọ́ kan án bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Kì í lo òòlù. Egungun ìka ló ń lò, tàbí ìdí ọ̀bẹ. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí ìró. Ibi tí ìrẹ́lé ṣì lẹ̀ mọ́ bíríkì dáadáa, ìró rẹ̀ á wúwo, á sì kúrú. Ibi tó ti ṣí kúrò lára bíríkì á dún gbólógbòló. Ibẹ̀ ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì yí ká. Nígbà tó bá fi máa yí yàrá náà po tán, gbogbo ibi tó ń dun ògiri ti wà ní kíkọ sára rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì tíì sí ẹyọ bíríkì kan tó já bọ́.

Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní àwọn ilé-ìwé tó ti pẹ́ ní Erékùṣù Èkó: ògiri tó nípọn, àjà tó ga, fèrèsé gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Wọ́n kó ìwé sí i, ó di ilé ìkàwé. Àwọn ọmọ pọ̀ sí i, ìwé pọ̀ sí i, yàrá kò tóbi sí i. Kò sì sí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí, nítorí pé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi tí ilé kan bá parí sí ni ọjà tàbí ilé mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yá jù ni kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ alájà mẹ́ta sípò rẹ̀. Èkó ti mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn irú ìyẹn. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 lọ́nà àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, wà lára àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó lè tún ìyẹn ṣe. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n tún yàrá àtijọ́ náà ṣe, kí wọ́n sì wá àyè kún àyè nínú rẹ̀. Ìyẹn gba sùúrù, ó sì gba àwọn tó mọṣẹ́. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ara ògiri ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó kò ga, yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Omi náà máa ń gba inú bíríkì gòkè, á sì gbé iyọ̀ dání. Àwọn tó kọ́ ilé àtijọ́ mọ èyí. Ẹfun ni wọ́n fi ń rẹ́lé, nítorí pé ẹfun máa ń jẹ́ kí omi tó bá gòkè rí ọ̀nà jáde sínú afẹ́fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìkarahun ni wọ́n ń sun láti rí ẹfun náà. Wọ́n á bu omi sí ìkarahun tó ti jiná, á hó, á gbóná, á fọ́ wẹ́wẹ́ di ìyẹ̀fun funfun. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà mọ irú iṣẹ́ ìrẹ́lé bẹ́ẹ̀ dójú àmì. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1894, ṣì dúró lónìí kí ẹni tó bá fẹ́ lè wo etí àwọn ọnà ara ògiri rẹ̀.

Ohun tó máa ń ba irú ògiri yìí jẹ́ ni àtúnṣe àìmọ̀. Ẹnìkan á rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri ń ṣí, á po sìmẹ́ńtì, á fi bò ó. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì àtijọ́ lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi kọjá bọ̀rọ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde á máa gòkè sí i, iyọ̀ á sì máa jẹ bíríkì láti inú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí bíríkìlà wa máa ṣe ni kó ṣí sìmẹ́ńtì náà kúrò. Kì í gbá a. Á ti ṣísẹ́ẹ̀lì bọ abẹ́ etí rẹ̀ níbi tó dún gbólógbòló, á dáwọ́ lé e, á fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi ṣí ní ègé pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ògiri sílẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó gbẹ. Bí iyọ̀ bá ti yọ funfun sójú bíríkì, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni wọ́n á fi gbá a dànù, nítorí pé bí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́, inú ni iyọ̀ náà máa padà sí.

Ó kan yanrìn. Bíríkìlà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, á ṣí ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá dọ̀tí, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Á tún bu díẹ̀ sínú ìgò, á da omi sí i, á mì ín, á gbé e kalẹ̀. Yanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ á jókòó lé e lórí, ojú á sì rí bí amọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Yanrìn tó wá láti etí òkun kò ní wọ inú iṣẹ́ yìí rárá, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n á po ẹfun mọ́ yanrìn títí tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí ìrẹ́lé, tí kò sì ní í já bọ́ bí wọ́n bá dojú ṣíbí náà délẹ̀. Wọ́n á fi omi wọ́n ògiri, wọ́n á ju ẹfun náà mọ́ ọn pẹ̀lú agbára ọrùn ọwọ́, wọ́n á fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fà á kó lè dọ́gba. Àpò ọ̀rá kọ́ ni wọ́n máa fi bò ó: àpò ìdọ̀họ tó tutù ni, kó má bàa gbẹ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹfun yóò máa fa káábọ́nì dayọ́ksáìdì látinú afẹ́fẹ́, á sì máa padà di òkúta. Ìrẹ́lé náà rọ̀ ju bíríkì lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọdún bá gorí ọdún, tí nǹkan kan bá máa bàjẹ́, ìrẹ́lé ni yóò bàjẹ́, bíríkì á sì wà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọ̀la á ṣí i, á tún rẹ́ ẹ.

Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ lára fèrèsé ní tirẹ̀. Fèrèsé onípákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tó wà kí lúfà onígíláàsì tó dé. Kí ó tó tú u, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi orí ọ̀bẹ gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wọ̀ọ̀, ó ti jẹrà tàbí ikán ti jẹ ẹ́. Kò ní ju gbogbo pákó náà nù. Ibi tó jẹrà nìkan ni yóò gé, á sì gé e ní ìdàgẹ̀, kí ojú ibi tí igi tuntun àti ti àtijọ́ yóò ti pàdé lè gùn tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn pákó náà, ó kéré tán. Á gé igi tuntun bá a mu, irú igi kan náà, kí ìlà ara igi náà sì kọjú síbi kan náà. Á gbé e wò, á fá a, á tún gbé e wò, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní í lè gba àárín wọn kọjá. Kó tó di ìgbà náà, kò ní fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ fèrèsé yìí ṣe wúlò tó, kó lọ sí Ìbàdàn. Ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní Kenneth Dike lónìí, ni Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀, ó sì ṣí ní 1954. Ilé gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kí atẹ́gùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé lè ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Wọ́n fi kọnkéré oníhò-ihò ṣe ìbòjú yí i ká, ìbòjú náà ló ń gba oòrùn àti òjò sára kó tó kan yàrá ìwé. Èkó náà kò jìnnà sí agbedeméjì ayé: bó bá di ọ̀sán, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an, ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ló ti máa ń wọ ilé. Nítorí náà, káfíńtà wa á jẹ́ kí pákó fèrèsé apá méjèèjì yẹn dàgẹ̀ sísàlẹ̀ ju ti yòókù lọ. Òjò á ṣàn síta, atẹ́gùn ọ̀sà á wọlé, oòrùn kò ní lè tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni fífẹ̀ yàrá. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ilẹ̀, òkè ni wọ́n máa lọ, nínú yàrá náà gan-an: wọ́n á fi pákó ṣe ilẹ̀ kejì ní ìdajì gíga rẹ̀, tí yóò gba ìdajì yàrá péré. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ nílò ni ìlà tó dọ́gba yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, tí omi kún inú rẹ̀, ni wọ́n fi ń wá a. Ẹnìkan á di orí kan mú níbi àmì, ẹnìkejì á gbé orí kejì lọ sí ògiri òdìkejì. Omi á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á mì díẹ̀, á dúró. Wọ́n á dúró tì í títí yóò fi dákẹ́ pátápátá kí wọ́n tó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rọ́bà, ìlà á ṣì wọ́n lọ́nà, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí.

Ìrókò àti apá tí wọ́n tú lára òrùlé ilé àtijọ́ ló dára jù fún òpó àti ìtì tí yóò gbé ilẹ̀ kejì náà. Ó ti gbẹ tán, kò ní lọ́ mọ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni fífa ìṣó àtijọ́ yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ayùn má bàa pàdé rẹ̀. Káfíńtà á gbẹ́ ihò sára òpó, á gé ahọ́n sí orí ìtì, ahọ́n á wọ inú ihò pẹ̀lú ìlù òòlù igi díẹ̀, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wọlé fúnra rẹ̀, ó ti fẹ̀ jù. Bí ó bá nílò agbára, yóò la òpó. Èèkàn igi ni wọ́n á fi dè é, kì í ṣe ìṣó, kí wọ́n lè lù ú jáde bí ó bá di dandan. Àwọn òpó náà ní ìpìlẹ̀ tiwọn. Wọn kò gbé ẹrù kankan lé ògiri àtijọ́, àlàfo ìka kan sì wà láàárín òpó àti ògiri. Ìwé wúwo: èyí tí wọ́n tò sórí pẹpẹ tí kò ju mítà kan lọ lè tó kílò 30. Nítorí náà, ilẹ̀ ni àwọn pẹpẹ ńláńlá wà, tábìlì àti àga ìkàwé ló lọ sókè.

Lókè níbẹ̀, ooru ni ọ̀tá. Iṣẹ́ kan tó kọ́ ni ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i wà ní Gando, abúlé kan ní Burkina Faso. Francis Kéré, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ní 2001. Nígbà tó yá, wọ́n fi ilé ìkàwé kún un. Àwọn obìnrin abúlé náà kó ìkòkò amọ̀ wá. Wọ́n fi ayùn gé ìkòkò náà, ó di òrùka tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí. Wọ́n tò wọ́n sórí pákó àjà, ńlá àti kékeré, wọ́n sì da kọnkéré yí wọn ká. Nígbà tí wọ́n tú pákó náà, àjà náà kún fún ojú róbótó tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Páànù òrùlé ga ju àjà yìí lọ. Bí oòrùn bá ti mú páànù gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbéra, á máa fa ooru inú yàrá jáde gba ẹnu àwọn ìkòkò náà. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, amọ̀ tí wọ́n gé ni. Ní Èkó, níbi tí òjò oṣù Òkúdù ti máa ń rọ̀ ní ìdàgẹ̀, etí òrùlé ní láti yọ síta dáadáa kí irú àjà bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Fún iná mànàmáná, panẹ́ẹ̀lì sólà á wà lórí páànù, á kọjú sí gúúsù, á dàgẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Fáànù àti gílóòbù nìkan ló ní láti gbé, nítorí pé ògiri, fèrèsé àti àjà ti ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn ìwé ló máa ń kẹ́yìn wọlé. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya á kọ́kọ́ lọ sọ́wọ́ atúnwèéṣe. Á tú òwú àtijọ́, á to ìwé náà ní ìdì-ìdì, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú gba inú ìdì kọ̀ọ̀kan, á so ó mọ́ èyí tó ṣáájú. Ibi tí bébà ti fàya, á fi bébà fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù ìgbàlódé yára jù ú lọ, ó sì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ, ó ti gbẹ nìyẹn. Omi díẹ̀ péré ni sítáàṣì nílò láti jọ̀wọ́ ohun tó dì mú.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ìrẹ́lé tó rọ̀ ju bíríkì lọ, pákó tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, èèkàn tó ṣeé lù jáde, òpó tí kò fara ti ògiri, sítáàṣì tó gbọ́ràn sí omi lẹ́nu: ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló fi àyè sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí kò tíì rí rí. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó bá wọn kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ: bí wọ́n ṣe po ẹfun, ibi tí èèkàn wà, ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbá gọ́tà mọ́. Kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ náà sórí pẹpẹ pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù, níbi tí àwọn ọmọ ti lè kà á.