Aṣálẹ̀ tí Ọwọ́ Ẹ̀dá Dá

Dark Sun, tí ilé-iṣẹ́ TSR ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1991, ni eré orí tábìlì tí mo gbádùn jù lọ nígbà èwe mi. Òṣèré kọ̀ọ̀kan a máa gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, a sì máa ju dáìsì láti mọ ibi tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ yóò já sí.

Àwa tí a ti ka Fágúnwà mọ igbó kìjikìji gẹ́gẹ́ bí ibùgbé àràmàǹdà. Òdìkejì rẹ̀ ni Athas, ayé inú eré yìí: omi ṣọ̀wọ́n, irin ṣọ̀wọ́n, egungun àti òkúta ni a fi ń ṣe ohun ìjà. Mo ṣì rántí bí àwa mẹ́rin ṣe ń ṣírò omi tó kù nínú agbè wa, àfi bí ẹni pé òùngbẹ gidi ń gbẹ wá.

Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Àwọn oṣó ni ó fa ẹ̀mí inú ewéko mu láti fi ṣe agbára, tí ilẹ̀ fi di eérú. Òfin eré náà sì jẹ́ kí oṣó tí ń ba ilẹ̀ jẹ́ tètè ga ju èyí tí ń dá a sí lọ. Kò wàásù fún wa. Ó dán wa wò.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni òṣèré ti ń yan ọ̀nà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ìdánwò ń bá ọmọ ènìyàn. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Athas ni ayé tí àwọn alágbára ti kọ etí ikún sí òwe náà.