Gìtá Hawaii Kò Gbọdọ̀ Sọ Orin Rẹ̀ Nù

Bí a bá dárúkọ gìtá Hawaii fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, ohùn gígùn tó ń fà bí igbe ni yóò wá sí wọn lọ́kàn, irú èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú jùjú King Sunny Adé. Irin ni wọ́n ń fà lórí okùn ìyẹn. Òmíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n ń fi ìka lásán ta. Kī hōʻalu ni wọ́n ń pè é ní èdè Hawaii, ìyẹn ni pé kí á dẹ okùn.

Màlúù ló bí i. Ní 1793, Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó màlúù wá fún Ọba Kamehameha Kìíní. Ọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n. Wọ́n bí sí i títí wọ́n fi ń ba oko jẹ́. Láàárín 1830 sí 1840, Kamehameha Kẹta ránṣẹ́ pe àwọn darandaran láti California, tó wà lábẹ́ Mexico nígbà náà, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ bí a ṣe ń fi ẹṣin da màlúù. Gìtá bá wọn wá.

Àwọn ọmọ Hawaii gba gìtá, ṣùgbọ́n wọn kò gba bí àlejò ṣe ń to okùn rẹ̀. Wọ́n dẹ okùn díẹ̀díẹ̀ títí tí gìtá fi ń dún dáadáa láìtẹ okùn kankan. Àtàǹpàkò ń ta ohùn ìsàlẹ̀ láìsinmi, ìka yòókù ń ta orin. Gìtá kan á dún bí méjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dẹ̀ ẹ́ pọ̀, àwọn ẹbí kan sì fi tiwọn ṣe àṣírí.

Ṣùgbọ́n orin ẹnu ni gìtá yìí wá gbè. Ẹ gbọ́ Gabby Pahinui (1921–1980) nínú "Hiʻilawe". Bí ó bá ń kọrin, gìtá á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá mí, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn Grammy fi kọ mí lóminú. Ní 2005 tí wọ́n kọ́kọ́ fún orin Hawaii ní ẹ̀bùn tirẹ̀, àwo tó gbà á, "Slack Key Guitar Volume 2", kò ní orin ẹnu rárá. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Hawaii kò dùn sí i, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ní 1896, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí oyè, ìjọba tuntun ṣòfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Orin wà lára ibi tí èdè náà sá sí. Kí wá ni a ń yìn bí a bá yọ èdè kúrò?

Mo mọ̀ pé gìtá nìkan náà ní èrè tirẹ̀. George Winston gba ìta ọ̀pọ̀ àgbà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, Dancing Cat, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sì bá wọn wọlẹ̀ lọ. Ìyẹn tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè jó sí dùndún. Kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń kì í. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ gìtá yìí láìgbọ́ orin rẹ̀: yóò gbádùn rẹ̀ bí orin tí wọ́n ń fi tu àlejò lára ní hòtẹ́ẹ̀lì, yóò sì rò pé òun ti gbọ́ ọ tán. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.