Olè Náà Ń Ka Ìṣẹ́jú

Ní ọdún 2002, Aydano Machado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil àti Faransé ṣe ìwádìí lórí bí ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí kì í ṣe ènìyàn ṣe lè pín ibì kan ṣọ́ láàárín ara wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti dán an wò, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tẹ́wọ́ gba òṣùwọ̀n wọn. Òṣùwọ̀n náà kò ṣòro: ó ti pẹ́ tó tí ẹ̀ṣọ́ kan ti dé oríta yìí gbẹ̀yìn? Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni iṣẹ́ ṣe burú tó.

Èsì wọn wú mi lórí. Irú ẹ̀ṣọ́ kan wà tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Oríta tó wà nítòsí nìkan ló ń wò, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀ pẹ́ jù ló sì ń lọ. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù. Èyí tó kàn ń rìn gbéregbère kò ṣe dáadáa.

Mo gbà pé òṣùwọ̀n yìí dára. Kò wo ìpíndọ́gba nìkan. Ó tún ń wo ibi tí wọ́n pa tì jù, nítorí náà igun tí ẹnikẹ́ni kò dé kò lè fara pamọ́. Àmọ́ ibi tí à ń ṣọ́ nìkan ló ń wò. Kò wo ẹni tó lúgọ sẹ́yìn ògiri. Ká ní rọ́bọ́ọ̀tì ń dé ẹnu ọ̀nà kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 láìyẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 6 bá tó olè láti jalẹ̀kùn, kó ẹrù, kí ó sì sá lọ, rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ti di aago fún un. Iná tó ń ràn kì í ka ìṣẹ́jú. Olè ń kà á.

Ní ọdún 2008, Noa Agmon, Sarit Kraus àti Gal Kaminka ní Ísírẹ́lì yí ìbéèrè náà padà. Rọ́bọ́ọ̀tì tiwọn ń yí ọgbà ká. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lè tẹ̀ síwájú, ó sì lè ṣẹ́rí padà, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó láti mú olè níbi tí ìṣọ́ ti rọ jù. Yíyí padà ń jẹ àkókò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olè tó tilẹ̀ mọ gbogbo ètò náà kò mọ ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ yóò yọ sí i.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí olè bá mọ ọjọ́ náà, ilé ni yóò jókòó sí. Nítorí náà, ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń lu irin ní ojúde kan náà ní aago méjì òru lójoojúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí òṣùwọ̀n ọdún 2002 yóò yìn, olè náà yóò sì yìn ín. Kí a tó yan ẹ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá iná ni à ń ṣọ́ tàbí olè.