Àwọ̀ Òpó Ògògà Lójú Fóònù

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi. Òpó kan náà ni méjèèjì, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tó ti wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ọ̀kan wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ya èkejì láti inú ìwé. Ó ní, "Prof, èwo ni àwọ̀ rẹ̀ gan-an?" Ìbéèrè gidi nìyẹn o.

Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ nínú méjèèjì.

Ẹ kán omi bíńtín sójú fóònù tó ń tàn funfun, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ò ní rí funfun níbẹ̀. Iná kéékèèké lẹ ó rí: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ńṣe ni iná ń bù kún iná. Tí pupa àti àwọ̀ ewé bá tàn pọ̀, ojú wa á ní yẹ́lò ni. Ìwé ò ní iná tirẹ̀ ní tiẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá ló ń bọ́ sí i lára, íǹkì á sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀: cyan ń gba pupa, magenta ń gba àwọ̀ ewé, yẹ́lò ń gba búlúù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, àwọ̀ ẹrẹ̀ ló máa ń jáde, ìdí nìyẹn tí atẹ̀wé fi ń fi dúdú kún un. Ọ̀dà ara igi náà ń gba ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni igi abẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ orí ń dá sí i.

Ìdí tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń kọ ìwé fún ọmọ ilé-ìwé nìyí. Wọ́n á ní pupa, yẹ́lò àti búlúù ni ìyá gbogbo àwọ̀, wọn ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà làwọn ń sọ. Ọmọ tó bá da iná búlúù àti ti yẹ́lò pọ̀, funfun ló máa rí, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Á wá rò pé òun ló ṣì í.

Àwọn kan tún ní Yorùbá ò mọ̀ ju funfun, pupa àti dúdú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ìyá aláró. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde máa ń dà bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Bí wọ́n bá rì í lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún dúdú sí i. Àyìnrín ni wọ́n ń pe èyí tí kò tíì dúdú. Ẹni tó sọ èyí di orúkọ mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ yin Ọlọ́wẹ̀ látinú fọ́tò, kó yin ohun tí fọ́tò lè gbé dé: olorì tó dúró lẹ́yìn ọba, tó sì ga jù ú lọ. Ìyẹn ò yí padà. Àmọ́ mo ti ka àròkọ tí wọ́n fi odindi ìpínrọ̀ yin "pupa" rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò sì rí i rí bí kò ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pàápàá, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo dá a lóhùn pé tó bá ní ọ̀rẹ́ ní Chicago, kó bẹ̀ ẹ́ kó lọ dúró níwájú òpó náà, kó sì fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Kó má ya fọ́tò.