ASẸ́ ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI ÀWÒRÁN EWÉ: LÁMÈYÍTỌ́ ÈRÒ KAN

1. Ìfáárà
Ní 1852 ni George Gabriel Stokes ṣàlàyé pé omi kuiníìnì máa ń gba ìtànṣán tí ojú kò rí, tí yóò sì tàn án padà ní àwọ̀ búlúù. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí pè ní ìmọ́lẹ̀ àtúntàn. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé bí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ inú máíkíróskóòpù bá ti dára, àwòrán rẹ̀ kò lè purọ́.

2. Ohun tí Asẹ́ Ń Ṣe
Àwọn onímọ̀ máa ń so purotéènì GFP mọ́ jíìnì láti mọ ibi tí jíìnì náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà á, yóò tan àwọ̀ ewé, ní nǹkan bí nánómítà 509. Ṣùgbọ́n kilorofíìlì pẹ̀lú ń tàn, ó ń tan pupa, ní nǹkan bí 680. Asẹ́ tí ó bá ń gba gbogbo ohun tí ó ju 515 lọ yóò da méjèèjì pọ̀. Èyí tí ó gba 500 sí 550 nìkan yóò ti pupa síta. Asẹ́ tí ó péye sì lè dín ìmọ́lẹ̀ búlúù tí wọ́n tàn sí ewé kù di ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Títí dé ìhín, ẹjọ́ àwọn olùgbèjà asẹ́ dúró.

3. Ibi tí Agbára Asẹ́ Pin Sí
Lignin inú iṣan ewé náà ń tàn, apá kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sáàárín 500 sí 550 gan-an. Asẹ́ ògì ń dá èèrí dúró nítorí pé èèrí tóbi ju ojú asẹ́ lọ. Iyẹ̀pẹ̀ tí ó kúnná bí ògì yóò bá ògì já. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ mọ àwọ̀, kò mọ orísun. Bí wọ́n bá sì tún un fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ GFP fúnra rẹ̀ ni yóò dínkù. Nítorí náà, ẹni tí ó tọ́ka sí iṣan tí ń tàn pé ibẹ̀ ni jíìnì ti ń ṣiṣẹ́ lè máa fi lignin pe jíìnì.

4. Àgbálọgbábọ̀
Asẹ́ wúlò, pé kí ó dá nìkan jẹ́rìí ni kò tọ̀nà. Ẹlẹ́rìí kejì ni ewé irú kan náà tí kò ní GFP, tí wọ́n fi asẹ́ kan náà yà fún iye àkókò kan náà. Bí iṣan rẹ̀ bá tàn bákan náà, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ wó. Àwòrán tí kò ní irú èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀rí.